Ibi Tí Àwọn Ìlà Ti Fún Mọ́ra

Bàbá mi ní ọ̀nà kan tó ń gbà mọ̀ bóyá ògiri tó sán ti dúró, tàbí ó ṣì ń rìn. Á po sìmẹ́ńtì díẹ̀ sínú agolo, á fi ìka lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibi tó sán náà, kò ní ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, á sì máa lọ sílé rẹ̀. Onílé á bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ṣé iṣẹ́ tí òun pè é wá ṣe nìyẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì á padà lọ wo sìmẹ́ńtì náà. Bí kò bá là, ògiri ti dúró nìyẹn, á dí i, á rẹ́ ẹ, iṣẹ́ parí. Bí ó bá là, bó tiẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n fọ́nrán irun kan, á yíjú sí onílé, á ní, "Ó ṣì ń rìn." Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sùn sí yàrá náà.

Kò mọ̀wé rárá, àmọ́ ojú rẹ̀ máa ń rí ohun tó ń bọ̀. Èyí máa ń bà mí lẹ́rù nígbà tí mo wà ní kékeré. Bí a bá ń jẹun tí bàbá mi ṣàdédé tẹjú mọ́ igun kan lára ògiri yàrá wa, màá gbé àwo mi kúrò nítòsí ibẹ̀.

Nínú àwọn ọdún 1980, nígbà tí mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, télọ̀ kan pè é sí ilé rẹ̀ ní Tishigu, àdúgbò kan ní ìlú wa, Tamale ní Gánà. Bàbá mi sọ fún un pé kí ó kó àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kúrò ní yàrá iwájú. Télọ̀ náà bú sẹ́rìn-ín. "Haba, Bàbá Bíríkìlà! Ògiri tí wọ́n ti mọ kí wọ́n tó bí mi?" Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yẹn ló wó o lulẹ̀, lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí òun àti àwọn tó ń bá a ránṣọ wà ní mọ́ṣáláṣí. Ẹ̀rọ mẹ́rin ló fọ́ túútúú. Ó wá bẹ bàbá mi pé kí ó bá òun tún ògiri náà mọ. Bàbá mi ní, "Mo ti sọ fún un," ó sì yíjú sí iṣẹ́ mìíràn. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́, pásítọ̀ bẹ̀ ẹ́, kò lọ. Bàbá mi kì í bínú sí ẹni tí kò mọ nǹkan. Ẹni tí ó bá sọ fún tí kò gbọ́ ni kì í dárí jì, bó ti wù kí òun fúnra rẹ̀ gba Olúwa gbọ́ tó lọ́jọ́ Ìsinmi.

A ń gbé ní àdúgbò Sakasaka. Bàbá bàbá mi ló ti ilẹ̀ Ọ̀yọ́ wá láyé àwọn òyìnbó. Tamale ni wọ́n bí bàbá mi sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí àwa ọmọ rẹ̀ méjèèjì sí. Nínú ilé, Yorùbá. Lójúde, Hausa àti Dagbani. Ní ilé ìwé, Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ. Òun nìkan ni bàbá mi lè bá sọ̀rọ̀ ògiri tí yóò sì dá a lóhùn bó ṣe yẹ, nítorí orí rẹ̀ pé sí ìṣirò. Nígbà tí àwọn ọdún 1980 fi ń lọ sópin, àwọn ará ìjọ wa ti bá a wá ọ̀nà sí yunifásítì kan ní ilẹ̀ olótùútù. Bàbá mi sìn ín dé ibùdókọ̀, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bí ẹni ń bọ àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyá mi sunkún fún ọjọ́ mẹ́ta. Èmi di akọ̀wé ilé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, bàbá mi á jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi dóńgóyárò, á máa sọ, èmi á máa kọ. Òfin kan wà tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí gbogbo wa mọ̀: a kì í fi lẹ́tà kó ọ̀rọ̀ burúkú lọ bá ẹni tó wà lókèèrè. Gbogbo wa wà dáadáa, àárò rẹ nìkan ló ń sọ wá. Bí ibà bá dá ìyá mi dùbúlẹ̀, gbogbo wa wà dáadáa. Nígbà tí ìyá bàbá mi kú, a sin ín, a dé láti itẹ́ òkú, ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí mo fi kọ ọ́ pé Ìyá Àgbà ní ká kí ọ. Ọdún kan ààbọ̀ ni Ìyá Àgbà fi ń kí i láti inú ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wá ra ìborùn onírun àgùntàn fún un, ó fi rán ẹnì kan tó ń bọ̀ ní Gánà. Ìyá mi ká ìborùn náà, ó tì í bọ abẹ́ àwọn aṣọ rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín sí i nígbà náà. Ọmọ tó ń rò pé òun gbọ́n ni mí.

Àárín àwọn ọdún 1990 ni fọ́tò kan dé láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà, mo sì ti ka sáyẹ́ǹsì tó láti máa fi gbéraga nínú ilé tí kò sí ẹlòmíràn tó kà á. Lẹ́tà tó bá fọ́tò náà wá tó ojú ewé mẹ́fà. Ẹ̀gbọ́n mi ní iṣẹ́ tí òun ń ṣe báyìí ni wíwọn bí yìnyín ṣe ń rìn. Ó ní yìnyín kan wà níbẹ̀ tó kún àfonífojì láti ẹsẹ̀ òkè kan dé ẹsẹ̀ òkè kejì, ó jinlẹ̀ ju ibi tí okùn kànga èyíkéyìí ní Tamale lè dé lọ. Ẹni tó bá wò ó lójú lásán á rò pé ó dúró sójú kan. Kò dúró. Ó ń ṣàn bí odò, díẹ̀díẹ̀, tọ̀sán tòru, kò sì sí ohun tó wà lọ́nà rẹ̀ tí kì í lọ̀.

Ó ní sátẹ́láìtì kan wà lójú ọ̀run tó ń fi rédà ṣọ́ ọ. Rédà kì í ṣe ojú tó ń wá ìmọ́lẹ̀. Ṣe ló ń ké sílẹ̀, tó sì ń gbọ́ ohùn tó ta padà. Kò ka òkùnkùn sí, kò ka ìkùukùu sí. Ó kọjá lórí yìnyín náà lẹ́ẹ̀kan, ó gba ohùn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó tún gba ojú ọ̀nà kan náà kọjá, ó tún gbà á. Wọ́n á wá gbé èkíní lé èkejì lórí nínú kọ̀ǹpútà. Ibi tí yìnyín bá ti sún kúrò ní ipò rẹ̀, àwọ̀ á máa yí padà, láti pupa sí ìyeyè, sí àwọ̀ ewé, sí aró, á tún padà sí pupa. Yíyí kan láti pupa dé pupa, ó ní, kò ju kí yìnyín náà sún ní ìbú ìka méjì lọ. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Pé ohun kan wà lókè réré tó lè rí ìbú ìka méjì, inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí.

Àwọn ìlà àwọ̀ wọ̀nyẹn ló kún inú fọ́tò náà, wọ́n tẹ̀ lé ara wọn láti etí kan dé èkejì. Wọ́n lẹ́wà. Mo fi han àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kí n tó gbé e wálé.

Lójú ewé tó kẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi ní rédà nìkan kò tó. Ìrìn tó bá sún mọ́ ọn tàbí tó jìnnà sí i nìkan ló ń rí. Èyí tó bá gba ẹ̀gbẹ́, kò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà àwọn ènìyàn gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara wọn lọ sórí yìnyín náà, kí wọ́n ri ọ̀pá mọ́ ọn, kí wọ́n sì padà wá wo ibi tí ọ̀pá náà rìn dé. Òun wà lára àwọn tí yóò lọ. Ó fi bírò fa àgbélébùú kékeré kan sórí fọ́tò náà níbi tí wọ́n máa pàgọ́ sí, ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá pé: èmi rèé.

Yìnyín tí bàbá mi mọ̀ láyé rẹ̀ kò ju áìsì tí àwọn obìnrin ń fọ́ sínú omi títà lọ́jà lọ. Mo rò pé màá ṣàlàyé títí ọ̀fun mi á fi gbẹ. Mo ka lẹ́tà náà, mo tú u sí Yorùbá bí mo ṣe ń kà á, mo na fọ́tò náà sí i. Kò jẹ́ kí n parí.

"Toh. Ó wo ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì," ó ní. "Ohun tí èmi náà ń ṣe nìyẹn. Àwọn siliminga yẹn, àwọn òyìnbó ẹ̀gbọ́n ẹ yẹn, kàn gbé tiwọn lọ sókè ni."

Ó dùn mí díẹ̀. Mo ti fẹ́ kí ó jẹ́ ohun ńlá tí èmi nìkan lè ṣàlàyé.

Bàbá mi gbé fọ́tò náà sórí itan, ó wò ó pẹ́. Ìyá mi ń fi ajọ̀ jọ ìyẹ̀fun nítòsí. Bàbá mi fi ìka rẹ̀ tó ti yi láti ara sìmẹ́ńtì tọ àwọn ìlà náà láti àárín lọ sétí.

"Níbí yìí, àwọn ìlà jìnnà síra wọn. Kí ló dé?"

"Yìnyín ibẹ̀ ń rìn pọ̀ ni, Bàbá. Gbogbo rẹ̀ jọ ń lọ."

"Níbí ńkọ́, tí wọ́n fún mọ́ra báyìí?"

"Apá kan ń sáré ju apá kejì lọ níbẹ̀. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta kì í fẹ́ lọ."

"Apá kan ń lọ, apá kejì dúró."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Níbo ni ògiri ti ń sán?"

Ó fi èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ wọn àlàfo tó wà láàárín àgbélébùú náà àti ibi tí àwọn ìlà ti fún mọ́ra. Èékánná náà kò wọlé tán.

"Ta ló ní kí wọ́n sùn síbẹ̀?"

"Àwọn ọ̀gá wọn ni. Wọ́n mọ ibẹ̀, Bàbá. Bùọ̀dá ní ojú ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ."

"Ó tẹ́ nítorí pé nǹkan ti rẹ́ ẹ lójú," bàbá mi wí. "Yìnyín tuntun já bọ́ sórí ẹ̀, ó bò ó mọ́lẹ̀. Ṣé mi ò rí bíríkìlà burúkú rí ni? Tí wọ́n bá fẹ́ ta ilé tó ti sán, ṣe ni wọ́n máa ń rẹ́ ẹ."

Ó dìde, ó mú ọ̀bẹ, ó gé ẹ̀gbẹ́ kan lára àpò sìmẹ́ńtì tó wà lẹ́yìn ilé, bó ṣe máa ń ṣe bí ó bá fẹ́ ya àwòrán ilé fún onílé. Ó gbọn eruku rẹ̀ dànù, ó tẹ́ ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ náà sórí bẹ́ǹṣì, ó fi pẹ́ńsù iṣẹ́ rẹ̀ ya ohun tó rí. Ó ya òkè méjèèjì. Ó ya ibi tí àwọn ìlà ti fún mọ́ra, ó sì fi ẹnu pẹ́ńsù kùn ún dúdú. Ó ya àgọ́ kan sínú dúdú náà, ó fagi lé e. Ó tún ya àgọ́ mìíràn sí àárín, níbi tí àwọn ìlà ti fẹ̀, ó sì fa ọ̀nà tí wọn yóò gbà dé ibẹ̀, láti òkè wá, láì tẹ ẹ̀gbẹ́.

"Kọ ọ́ sílẹ̀," ó ní. "Kọ ọ́ pé èmi bàbá rẹ̀ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Kí ó má sùn níbẹ̀. Kí ó má fi ẹsẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Tó bá fi ẹsẹ̀ gba ibẹ̀, ilẹ̀ á gbé e mì. Kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́."

Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn. Bàbá mi gbé akẹtẹ̀ rẹ̀, ó jáde lọ kí ẹnì kan ní àdúgbò Kpalsi, ìyá mi sì ní kí n ka ohun tí mo kọ sí òun létí. Mo kà á. Ajọ̀ dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ilẹ̀ á gbé e mì? Ìwọ lo fi ọwọ́ ara ẹ kọ ìyẹn sí ẹ̀gbọ́n ẹ?"

"Bàbá ló ní kí n kọ ọ́."

"Kai! Bàbá ẹ ń sọ̀rọ̀ ògiri. Ọmọ mi kì í ṣe ògiri. Wọ́n kì í kọ irú ẹ̀ sí ẹni tó wà lẹ́yìn odi. Ya á. Kọ ọ́ pé kí ó máa ṣọ́ra rẹ̀, ó tó bẹ́ẹ̀."

Mo ya á. Mo mú ìwé mìíràn, mo kọ ọ́ pé gbogbo wa wà dáadáa, àti pé: Máa ṣọ́ra rẹ dáadáa, kí o sì máa wọ aṣọ tó nípọn. Ìyá mi gbọ́ ọ, ó ní ìyẹn ló dára, ó sì padà sídìí ìyẹ̀fun rẹ̀.

Ó ku àwòrán náà. Ìyá mi kò sọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ fún ara mi pé ìyá mi ló fà á, pé àṣà ilé wa ló fà á. Irọ́ ni. Èmi nìkan ló wà pẹ̀lú àwòrán yẹn. Mo gbé e lọ́wọ́, mo rí i bí ẹ̀gbọ́n mi yóò ṣe tú u síwájú àwọn òyìnbó tó ní ẹ̀rọ lójú ọ̀run: ìwé àpò sìmẹ́ńtì, pẹ́ńsù bíríkìlà, àgọ́ tí a fagi lé bí iṣẹ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ojú tì mí. Mo ro ó pé wọn yóò rẹ́rìn-ín, pé ẹ̀gbọ́n mi náà yóò bá wọn rẹ́rìn-ín láti fi bo ojú ara rẹ̀. Ìyá mi ń gbé omi túwó kaná. Mo fi ìwé náà koná lábẹ́ ìkòkò. Ó jó kíákíá, ìwé sìmẹ́ńtì kì í pẹ́ jó.

Lẹ́tà náà lọ. Ọyẹ́ dé, eruku bo gbogbo ìlú, ètè wa ń là. Lọ́jọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan, bàbá mi á béèrè bóyá èsì ti dé. Kì í ṣe ẹni tó máa ń béèrè ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Ó béèrè èyí lẹ́ẹ̀mẹfà.

Nígbà tí èsì dé, ó kúrú. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun dúpẹ́, kí n sọ fún Bàbá pé aṣọ mẹ́ta lòun ń wọ̀ lé ara wọn. Ó ní àwọn máa gbéra lọ sórí yìnyín náà láìpẹ́. Ó ní àwọn kan ti lọ yẹ ibẹ̀ wò, ojú rẹ̀ ń dán, ó tẹ́ débi pé ènìyàn lè ta bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀.

Mo ń kà á lọ́kàn ni, bàbá mi ń wo ẹnu mi.

"Kí ló ní?"

"Bùọ̀dá ní àwọn dúpẹ́, Bàbá."

"Ohun tí mo sọ ńkọ́?"

Ó yẹ kí n ti sọ òtítọ́ níbẹ̀. Á nà mí lọ́rọ̀, á bú mi, kò ní bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù mélòó kan, kò sì ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rù bà mí.

"Wọ́n ní àwọn ti gbọ́," mo ní.

Bàbá mi mí kanlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ òun gbọ́ràn, ó ní òun ti mọ̀ pé yóò gbọ́. Ó jẹun dáadáa lọ́jọ́ náà.

Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lọ́kàn. Lẹ́tà ń lo tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó dé, kò ní lè bá a mọ́. Ibì kan wà nítòsí ilé ìfìwéránṣẹ́ tí wọ́n ti lè bá ènìyàn pe òkè òkun. Mo gba iwájú rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ bí mo bá ń ti kọ́lẹ́ẹ̀jì bọ̀, mi ò sì yà. Mo ń sọ fún ara mi pé àwọn ọ̀gá wọn mọ iṣẹ́ wọn, pé wọ́n ní fọ́tò tí bàbá mi rí, wọ́n sì kàwé jù ú lọ. Èyí tí mo ń gbà gbọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í mú fọ́tò náà jáde nígbà tí mo bá dá wà, mo sì ń fi èékánná mi wọn ibẹ̀ bíi ti bàbá mi.

Àárọ̀ Túsìdeè kan ni pásítọ̀ wọlé wa pẹ̀lú àgbà ìjọ méjì. Kò sẹ́ni tó ń mú àgbà ìjọ méjì dání lọ kí ènìyàn láàárọ̀ Túsìdeè. Ìyá mi rí wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láì jẹ́ kí wọ́n kí i. Wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá mi ní Kpalsi níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ó sì wá pẹ̀lú sìmẹ́ńtì tútù lẹ́sẹ̀.

Pásítọ̀ ní wọ́n ti pe àwọn láti òkè òkun. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi ló ṣáájú, ó gbé ọ̀pá tí wọ́n fẹ́ rì sí èjìká. Ilẹ̀ tí gbogbo wọn rò pé ó le ló ya lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ké pè é sínú ihò náà, wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n sọ okùn sí i, okùn tán, kò kan ilẹ̀.

"Níbo?" bàbá mi béèrè.

Pásítọ̀ rò pé orílẹ̀-èdè ló ń béèrè. Bàbá mi wọ yàrá, ó mú fọ́tò jáde, ó na ìka sí ibi tí àwọn ìlà ti fún mọ́ra. "Ṣé níbí ni?" Pásítọ̀ kò mọ̀. Lẹ́yìn oṣù kan ni ọ̀gá wọn kọ̀wé sí wa, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, ibẹ̀ ni.

Bàbá mi kò sunkún. Ó ní, "Mo sọ fún un. Ó ní òun gbọ́." Ó bu omi fọ ẹsẹ̀, ó sì padà sí Kpalsi, gbogbo ilé ń wò ó bí ó ti ń lọ. Ó lé ní ọdún kan tí kò fi dárúkọ ọmọ rẹ̀. Bí ìyá mi bá ń sunkún, á ní, "Ta lò ń sunkún fún? Ẹni tí mo sọ fún?" Ìyá mi á wò mí, èmi á wo ilẹ̀. A kò bá ara wa sọ ọ́ rí, èmi àti ìyá mi. Mo kórìíra bàbá mi fún ọkàn líle rẹ̀ nígbà náà, mo sì mọ̀ pé èmi ni mo fi irọ́ mọ ọ́n.

Ọ̀gá wọn kọ ọ́ nínú lẹ́tà rẹ̀ pé àwọn kò lè gbé òkú náà jáde, ṣùgbọ́n yìnyín náà ṣì ń rìn, ó sì ń gbé e lọ. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí ọmọ àwọn ọmọ wa bá ti dàgbà, yóò gbé e dé ìsàlẹ̀ ibi tí yìnyín ti ń yọ́. Ó ní sátẹ́láìtì náà ṣì ń gba ibẹ̀ kọjá bí àtẹ̀yìnwá. Ìyá mi ní kí n bá òun ṣe ìṣirò bó ṣe ń rìn tó lójúmọ́. Mo ṣe é fún un. Láti ìgbà náà, ó lè wà nídìí ìkòkò kí ó ṣàdédé béèrè pé, "Ó ti rìn dé ibo báyìí?" Mo máa ń sọ fún un. Iṣẹ́ tí mo rí ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi kò ju ìyẹn lọ.

Ọ̀sán Sátidé kan, nígbà tó ti lé ní ọdún kan tó kú, ni ẹrù ẹ̀gbọ́n mi dé, àpótí pákó kan tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé dé èbúté Tema kí ọkọ̀ ẹrù tó gbé e wá bá wa. Súwẹ́tà ló wà níbẹ̀, àti ìwé, bàtà nínípọn, ìkòkò tíì kékeré. Gbogbo lẹ́tà tí mo kọ láti ìgbà tó ti lọ wà níbẹ̀, ó fi okùn dì wọ́n pọ̀ létòlétò. Ìyá mi gbé súwẹ́tà kan, ó fi bo imú, kò gbé e kúrò mọ́.

Bàbá mi ti wà lẹ́yìn ilé, kò fẹ́ wá wo ẹrù. Nígbà tó gbọ́ pé lẹ́tà wà níbẹ̀, ó wọlé. "Kó wọn wá," ó ní.

Ó kúnlẹ̀, ó tú okùn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn lẹ́tà náà sílẹ̀ ní ìlà, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, bí ẹni ń to bíríkì. Ó ń mú ìwé jáde nínú ápòòwé kọ̀ọ̀kan, ó ń tú u, ó ń dá a padà. Kò lè ka ọ̀rọ̀ kan lára wọn. Mo mọ ohun tó ń wá. Funfun ni gbogbo wọn, tàbí aró fẹ́ẹ́rẹ́; kò sí èyí tó ní àwọ̀ ilẹ̀. Ó dé orí èyí tó kẹ́yìn, ó dojú ápòòwé rẹ̀ délẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n.

"Gbogbo ẹ̀ nìyí?"

"Gbogbo ẹ̀ nìyí, Bàbá."

Mo ti la ẹnu. Mo búra pé mo ti la ẹnu, ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n mi, mo ti pinnu pé ohun tó bá fẹ́ kí ó fi mí ṣe. Bàbá mi ti ń sọ̀rọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀.

"Kò sí níbẹ̀," ó ní, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Àwòrán mi kò sí níbẹ̀." Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí padà, ó sì dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi. "Ó mú un dání lọ. Ó gbọ́ mi. Ọmọ mi gbọ́ mi, ó mú ìwé mi dání, ó ń wá ọ̀nà tí mo yà fún un."

Ó jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn lẹ́tà náà. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Àwòrán yẹn ló ń wò," ó ní. "Òun ló ń wò lọ́wọ́ tí kò fi wo ilẹ̀. Èmi ni mo pa á."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, bàbá mi tí mi ò rí omi lójú rẹ̀ rí. Ìyá mi gbé súwẹ́tà kúrò lójú, ó wò mí, ó sì ń retí pé kí n sọ ọ́. Mo kúnlẹ̀ ti bàbá mi, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, Bàbá," mo ní.

Ó lo ọdún mẹ́fà sí i láyé lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò sì gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu mi.